Rhodesian Ridgeback: ṣé ọmọ ajá tí kò ní ìlà lẹ́yìn ní àbùkù ni?

Alájá_Tuntun béèrè:

Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin àgbà alájá. Rhodesian Ridgeback ni mo fẹ́ rà, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Méjì ló kù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà wọ́n. Ìlà irun yẹn hàn kedere lẹ́yìn ọ̀kan, ó gún régé. Èkejì kò ní in rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú bíi ti ajá yòókù, owó rẹ̀ sì fi púpọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Bàbá kan, ìyá kan ló bí àwọn méjèèjì.

Ṣé àbùkù ló wà lára èyí tí kò ní ìlà ni, àbí kì í ṣe Ridgeback gidi? Mo tún gbọ́ pé ajá yìí ń pa kìnnìún láyé ijọ́un. Ọmọ ọdún mẹ́rin wà nínú ilé, ológbò náà sì wà. Ṣé irú ajá bẹ́ẹ̀ ṣeé kó wọ àárín wọn? Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ oúnjẹ, eré sísá àti àìsàn tó wọ́pọ̀ lára wọn pẹ̀lú. Ohun tí ẹnì kan sọ kò bá ti ẹlòmíì mu, ó ti sú mi.

Atọ́jú_Ẹran fèsì:

Ẹ kú ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ ìlà ni màá mú, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣìnà.

Irun àárín ẹ̀yìn ajá yìí kọjú sí orí nígbà tí irun ara yòókù kọjú sí ìrù. Òun là ń pè ní ìlà. Bí àwọn adájọ́ ìdíje ṣe fẹ́ ẹ ni kó bẹ̀rẹ̀ gẹ́rẹ́ lẹ́yìn èjìká, kó máa tín-ín-rín lọ dé egungun ìbàdí, kí ìyípo irun méjì tí wọ́n ń pè ní adé wà lókè rẹ̀, kí àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn, kí ìsàlẹ̀ adé má sì kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn ìlà náà. Fífẹ̀ ìlà máa ń tó sẹ̀ntímítà 5. Bí adé bá jẹ́ ẹyọ kan, tàbí tó pé mẹ́ta, tàbí tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, adájọ́ á yọ máàkì kúrò. Ajá náà kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun.

Ní 2007 ni àwọn onímọ̀ ní Sweden gbé ohun tó ń fa ìlà náà jáde. Apá kan nínú DNA ajá yìí, tó gùn tó lẹ́tà bíi 133,000, ló tún ara rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kejì. Jíìnì FGF3, FGF4, FGF19 àti ORAOV1 ló wà nínú apá yẹn. Bí ajá bá gba ẹ̀dà kan péré, ì báà jẹ́ látọ̀dọ̀ bàbá, ì báà jẹ́ látọ̀dọ̀ ìyá, ìlà á hù. Bí bàbá bá ní ẹ̀dà kan, tí ìyá náà ní ẹ̀dà kan, tí ẹ bá kó ọmọ wọn jọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kan nínú mẹ́rin kò ní ní ìlà, méjì á ní ẹ̀dà kan, ọ̀kan á ní méjì. Nítorí náà, ọmọ ajá tí ẹ rí yẹn ti sọ nǹkan kan fún yín nípa àwọn òbí rẹ̀: bí àwọn méjèèjì bá ní ìlà, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Kì í ṣe àmúlùmálà. Ridgeback ni, tọ́kàntọ́kàn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí àwọn tó ń tà kì í fẹ́ sọ. Àyípadà tó mú ìlà wá náà ló ń mú dermoid sinus wá. Bí ọmọ ajá ṣe ń dàgbà nínú oyún, awọ rẹ̀ àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kì í já kúrò lára ara wọn tán, ihò tóóró kan á wá ṣẹ́ kù láti ojú awọ wọ inú ara. Nígbà mìíràn ihò náà á dúró lábẹ́ awọ. Nígbà mìíràn á wọlé títí kan awọ tó bo ọ̀pá ẹ̀yìn. Irun já bọ́ sínú rẹ̀, ọ̀rá ara náà kún un, ó wú, ó di oówo. Bí kòkòrò bá gba ibẹ̀ dé ọ̀pá ẹ̀yìn, ajá lè rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ó sì lè kú. Ọmọ tó ní ẹ̀dà méjì ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù lórí rẹ̀. Lára èyí tí kò ní ẹ̀dà kankan, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Èyí tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ yẹn gan-an ni ara mi balẹ̀ sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Èyí tó ní ìlà ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá gbá awọ ọrùn rẹ̀ mú láàárín gbùngbùn, ẹ gbé e sókè kúrò lára ẹran, kí ẹ jẹ́ kó máa yọ̀ láàárín ìka yín díẹ̀díẹ̀, láti ìpàkọ́ dé ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe bákan náà láti ibi tí ìlà parí sí dé ìdí ìrù. Awọ nìkan ló yẹ kí ọwọ́ bà. Bí ẹ bá gbọ́ nǹkan bí okùn tínrín tó so awọ mọ́ ìsàlẹ̀, tó ń fa awọ wọlé bí ẹ ṣe ń gbé e, òun nìyẹn. Ojú ihò náà lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, pẹ̀lú ìdì irun kékeré tó yọ jáde. Ọrùn ló wọ́pọ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko tó mọ ẹ̀yà yìí tún un yẹ̀ wò, nítorí ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lè kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́, gbogbo rẹ̀ pátá. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, ó tún ń padà.

Láyé àtijọ́, púpọ̀ nínú àwọn tó ń sin ajá yìí máa ń pa ọmọ tí kò ní ìlà lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i. Wọ́n ń pa èyí tí ara rẹ̀ le, wọ́n ń tọ́jú èyí tó ṣeé ṣe kó ní ihò lẹ́yìn, torí ẹwà.

Ìtàn_Ọdẹ fèsì:

Atọ́jú_Ẹran ti sọ ti ìlà parí. Ẹ jẹ́ kí n mú ti kìnnìún.

Kò sí ajá tó ń pa kìnnìún, ẹ jọ̀ọ́. Akọ kìnnìún wúwo ju kìlógíráàmù 150 lọ. Ìwọ̀n tí ìlànà FCI, àjọ alájá àgbáyé, fún Ridgeback akọ jẹ́ kìlógíráàmù 36.5, abo 32. Gíga akọ ní èjìká jẹ́ sẹ̀ntímítà 63 sí 69, ti abo 61 sí 66. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Ohun tí wọ́n ń fi ajá yìí ṣe ni pé kó tọpa kìnnìún, kó ká a mọ́, kó máa gbó yí i ká. Ọ̀kan á sún mọ́ ọn níwájú, á fò sẹ́yìn. Bí kìnnìún bá yíjú sí i, òmíràn á ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Kìnnìún kò ní ráyè lọ, kò sì ní ráyè gbá ẹnikẹ́ni mú, títí ọdẹ á fi gun ẹṣin dé pẹ̀lú ìbọn.

Ajá tó bá kù gìrì wọlé kò ní pẹ́ láyé tó fi máa bímọ. Ojo á ti sá lọ. Èyí tó mọ̀ ìgbà tó yẹ kó sún mọ́ àti ìgbà tó yẹ kó fà sẹ́yìn, tó sì lè pinnu fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn pátápátá, òun ló kù tó bí àwọn tí ẹ ń wò yẹn. Orí kunkun tí àwọn èèyàn ń ráhùn sí, ibẹ̀ ló ti wá.

Ọwọ́ àwọn Khoikhoi ní gúúsù Áfíríkà ni ajá onílà ti wá ní ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ará Netherlands tẹ̀dó sí Cape ní 1652, ajá tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù àti ajá Khoikhoi bẹ̀rẹ̀ sí gun ara wọn. Ní àwọn ọdún 1870, ajíhìnrere kan tó ń jẹ́ Charles Helm kó abo ajá méjì láti Swellendam lọ sí ibùdó Hope Fountain, nítòsí Bulawayo, ní ilẹ̀ tó di Zimbabwe lónìí. Ọdẹ ńlá kan ní agbègbè yẹn, Cornelius van Rooyen, mú wọn pọ̀ mọ́ agbo ajá tirẹ̀. Ó rí i pé àwọn ọmọ onílà ló ń ṣe dáadáa jù nídìí kìnnìún. Ìlà kọ́ ló mú kí wọ́n gbọ́n o. Àmì ìdílé lásán ni, bí ilà ojú.

Ní 1922 ni Francis Barnes pe àwọn alájá jọ ní Bulawayo, wọ́n sì kọ ìlànà ẹ̀yà náà sílẹ̀. Ìlànà Dalmatian, ajá funfun tó ní àmì dúdú tótòtó, ni wọ́n wò kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ní kí ló kan Dalmatian pẹ̀lú Ridgeback: títí di òní, ìpín kan náà ni FCI kó àwọn méjèèjì sí, ẹgbẹ́ kẹfà, ìpín kẹta. American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ajá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbà á wọlé ní 1955. Rhodesia ti di Zimbabwe láti 1980, orúkọ ajá kò yí.

Fèrè_Ọdẹ fèsì:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, ìwà rẹ̀ lẹ máa bá gbé fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nínú ilé, ajá tútù ni. Ó lè sun ìdajì ọ̀sán lórí àga yín. Kì í gbó lásán. Bó bá gbó, ẹ dìde lọ wo ohun tó rí. Kì í yára bá àlejò ṣeré, á kàn wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀. Ìlànà náà sọ bẹ́ẹ̀: kó jìnnà sí àjèjì, ṣùgbọ́n kó má bínú, kó má sì bẹ̀rù. Èyí tó ń fò mọ́ àlejò láti bù ú jẹ, tàbí tó ń sá sábẹ́ tábìlì, nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrìnlá ló ti bàjẹ́, torí wọn ò jẹ́ kó rí èèyàn, kó rí ọkọ̀, kó gbọ́ ariwo, kó tẹ oríṣiríṣi ilẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà: èèyàn mélòó ló ti gbé e? Ṣé ó ti rí ọmọdé rí?

Ẹ má lù ú. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ torí àánú nìkan. Ajá yìí ń rántí, ìgboyà rẹ̀ sì ń já bí wọ́n bá lò ó ní ìlòkulò. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá pè é, á jókòó síbi tó wà, á máa wò yín. Ẹran kékeré bí èékánná ni kí ẹ fi kọ́ ọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Bí ẹ bá ní kó jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tẹ̀léra, ẹ̀ẹ̀kẹfà ló ti máa pinnu pé ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe.

Ibi tó le jù ni pípè é padà. Bí ẹtu tàbí ehoro bá dìde níwájú rẹ̀, etí rẹ̀ á dí pátápátá. Àwọn àgbà ló ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ; bóyá ajá yìí ni wọ́n rí. Okùn gígùn mítà 10 sí 15 ni kí ẹ fi kọ́ ọ níta, tí ẹ so mọ́ okùn àyà. Ẹ má so ó mọ́ ọrùn, torí bó bá sá dé òpin okùn gígùn lójijì, ọrùn rẹ̀ lè fara pa. Ẹ lo okùn yẹn fún oṣù púpọ̀, títí á fi padà wá nígbà tí nǹkan bá ń sá níwájú rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí pápá bá dákẹ́ nìkan. Ọgbà yín náà, kó ga tó mítà 1.8, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ ilẹ̀. Ẹ má fọkàn tán ọgbà iná tí kò ṣeé fojú rí, èyí tó ń ta ajá lọ́rùn. Bó bá ń lé nǹkan, á gba inú oró yẹn kọjá. Bó bá fẹ́ padà sílé, kò sí nǹkan tó ń lé mọ́, oró náà á wá dí i lọ́nà.

Ológbò: ó ṣeé ṣe, pàápàá torí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ fẹ́ mú wálé. Ẹ fi ìlẹ̀kùn onírin kékeré pààlà, kí wọ́n máa gbóòórùn ara wọn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí wọ́n tó pàdé. Nígbà àkọ́kọ́, okùn wà lọ́wọ́ yín, ológbò sì ní ibi gíga tó lè fò sí. Bí ajá bá yíjú kúrò lára ológbò wò yín, ẹ fún un ní ẹran lójú ẹsẹ̀. Ó lè di ọ̀rẹ́ ológbò ilé, síbẹ̀ kó lé ti aládùúgbò gun igi. Méjèèjì lè jóòótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rin: ajá kìlógíráàmù 30 tó ṣì ń ṣe bí ọmọdé lè fi ìbàdí gbá a ṣubú láìmọ̀. Ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láwọn nìkan, pàápàá nídìí oúnjẹ.

Ìyá_Ajá fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Oúnjẹ ni tèmi.

Ẹ ra oúnjẹ ọmọ ajá ẹ̀yà ńlá, kì í ṣe ti ọmọ ajá gbogbogbòò. Kálísíọ̀mù ló fà á. Ọmọ ajá tí kò tíì dàgbà kò lè dá èyí tó pọ̀ jù dúró kó má wọ ara, egungun á wá dàgbà ségesège. Ìlànà AAFCO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà oúnjẹ ẹran ní Amẹ́ríkà, kò jẹ́ kí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ ju ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bí a bá yọ omi kúrò. Bí oúnjẹ bá ti pé, ẹ má fi egungun lílọ̀ tàbí ògùn kálísíọ̀mù kún un. Ẹ má sì jẹ́ kó sanra. Ọmọ ajá tó rọ̀bọ̀tọ̀ wuni lójú, ṣùgbọ́n oríkèé rẹ̀ ló ń gbé ẹrù náà. Ẹ fi ọwọ́ nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kí ọwọ́ máa ba eegun ìhà láìtẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ títí dé oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta títí dé oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì títí ayé rẹ̀. Àgbà ajá kìlógíráàmù 36 tó ń rìn dáadáa nílò nǹkan bíi kálórì 1,650 lójúmọ́. Bí kìlógíráàmù kan oúnjẹ gbígbẹ bá ní kálórì 3,600, gíráàmù 450 sí 460 nìyẹn, ẹ pín in sí méjì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ara rẹ̀ máa sọ bóyá ẹ á fi kún un tàbí ẹ á dín in. Ẹ má ka ìpápánu sí ọ̀tọ̀: ohun tẹ́ ẹ fi ń kọ́ ọ wà lára 450 yẹn. Ẹ sì gbé oúnjẹ yín kúrò lórí tábìlì. Orí ajá yìí ga tó tábìlì, olè sì ni.

Ohun tó lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀ ni ikùn tó wú tó sì yí po. Ajá tí àyà rẹ̀ jìn báyìí wà lára àwọn tó máa ń ṣe. Ikùn á le bí ìlù, á máa gbìyànjú láti bì, nǹkan kan ò ní jáde àyàfi itọ́. Kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́. Erìgì rẹ̀ á funfun. Ẹ má dúró wo bóyá á lọ, ẹ má fún un ní òróró mu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko lójú ẹsẹ̀, ẹ pè wọ́n lọ́nà. Kó má jẹ oúnjẹ ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má jẹ ẹ́ kíákíá. Abọ́ tó ní gúlúgúlú nínú ń dín ìyára rẹ̀ kù. Gbígbé abọ́ sókè kò dáàbò bo ajá bí àwọn kan ṣe rò. Dókítà lè rán ikùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú nígbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn fún un, kó má lè yí po mọ́. Mo rò pé ó yẹ ká béèrè rẹ̀.

Irun kò ní wàhálà: búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èékánná ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Etí rẹ̀ bò, ẹ máa ṣí i wò. Ẹ fún un ní bẹ́ẹ̀dì tó nípọn, torí ìgúnpá tó ń sùn lórí sìmẹ́ǹtì máa ń di eépá, omi á kóra jọ sábẹ́ rẹ̀.

Alájá_Tuntun fèsì:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé mo lè máa sá eré òwúrọ̀ pẹ̀lú rẹ̀? Àti pé ìwé wo ni kí n gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà?

Atọ́jú_Ẹran fèsì:

Ẹ má ì sá eré pẹ̀lú rẹ̀. Orí egungun rẹ̀ kò ní dì tán títí á fi tó bí ọdún kan ààbọ̀. Títí di ìgbà yẹn, ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ lórí koríko, kó máa gbóòórùn bó ṣe wù ú, kó dúró nígbà tó bá fẹ́. Kó má máa fò látinú ọkọ̀, kó má máa gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Bó bá dàgbà tán, wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ lójúmọ́ tó o.

Ìwé: àwòrán egungun ìbàdí àti ìgúnpá ti bàbá àti ìyá. Bí OFA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣàyẹ̀wò ìlera ajá, ló yẹ̀ ẹ́ wò, ajá náà ti gbọ́dọ̀ pé oṣù 24 kí àbájáde ìbàdí rẹ̀ tó dúró. Ẹ béèrè ìdánwò ẹṣẹ́ ọrùn tó ń jẹ́ tàírọ́ìdì, torí àìtó omi rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ẹ̀yà yìí. Ajá á sanra láìjẹun púpọ̀, irun á máa rẹ̀. Ẹ béèrè ìdánwò DNA fún àìsàn JME, irú wárápá kan tí a ti mọ jíìnì rẹ̀, DIRAS1. Ọmọ bí oṣù mẹ́fà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: ajá tó fẹ́ sùn á máa gbọ̀n jìnnìjìnnì lójijì bíi pé wọ́n fi iná ta á, ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú sì lè ru ú sókè. Bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ jọ gbé jíìnì náà kí àìsàn náà tó lè ṣe ọmọ, nítorí náà bí ọ̀kan nínú wọn bá ti mọ́, ó ti tó.

Bí ẹni náà bá ní kò sí ìdí fún gbogbo ìyẹn, pé ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ gún, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Bí ìwé bá pé, tí ọmọ tí kò ní ìlà bá jókòó tì yín fúnra rẹ̀, tí kò sá, tí kò gbó, òun ni èmi á mú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì fi ìka wo ọrùn rẹ̀ náà.